Ẹsẹ̀ Kẹrin Tí Kò Kan Ilẹ̀

Nínú ọkọ̀ ojú irin kékeré tí mo ń fi ṣeré lórí tábìlì, wágọ́ọ̀nù pupa yẹn ni ó máa ń yẹ̀ kúrò lórí irin. Ẹ́ńjìnnì á kọjá, wágọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ á tẹ̀lé e wọ́ọ́rọ́wọ́, èkejì náà á kọjá, ṣùgbọ́n bí pupa tó wà ní ipò kẹta bá ti ń gun òkè dé ìdajì kọ́nà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, yóò fì lẹ́ẹ̀kan, yóò sì dùbúlẹ̀ gbalaja sí apá ìta bí ọ̀mùtí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ìsọ̀ ẹlẹ́mu. Láti oṣù Ṣẹẹrẹ títí wọ oṣù Ẹrẹ́nà ọdún tó kọjá ni mo fi bá a fà á. Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan mo jókòó, mo kà á: nínú ìgbà 20 tí mo rán ọkọ̀ náà gun òkè, ìgbà 13 ni ó ṣubú, ibì kan náà sì ni ní gbogbo ìgbà, àfi bí ẹni pé wọ́n sin nǹkan síbẹ̀. Ìyàwó mi tó ń gbọ́ bí mo ṣe ń pòṣé láti pálọ̀ béèrè bóyá ọkọ̀ tí mo ń tún ṣe náà ni yóò gbé wa lọ sí Lọ́kọ́ja. N kò dá a lóhùn.

Fún ẹni tí kò bá mọ irú eré tí mo ń sọ, ọkọ̀ ojú irin kékeré ni, èyí tí wọ́n ṣe ní ìwọ̀n 1 sí 87, tó túmọ̀ sí pé ohun tó bá gùn ní mítà 87 lójú ayé yóò gùn ní mítà kan ṣoṣo lórí tábìlì mi. HO ni àwọn tó ń ṣe eré náà káàkiri àgbáyé ń pe ìwọ̀n yìí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà lókè òkun ni ó ń kó wọn ránṣẹ́ sí mi ní àlòkù, díẹ̀díẹ̀, láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Pátákó pláíwúùdù ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4 kan ni mo tẹ́ wọn sí, nínú yàrá tí àwọn ọmọ mi ń sùn kí wọ́n tó lọ sí ilé ọkọ àti ibi iṣẹ́, níhìn-ín ní Kàbà. Iná volt 12 ni ó ń wà á, nítorí náà bátìrì ọkọ̀ kan tí mo so mọ́ sólà ti tó o, bí iná ìjọba wà, bí kò sì sí.

Bàbá mi ṣiṣẹ́ ojú irin ní Ọ̀fà. Ojú irin kò dé ilẹ̀ Ọ̀kun rí. Nígbà tí a wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Kwara, kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀ ní 1991, ẹni tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin nínú wa ní láti kọ́kọ́ wọ mọ́tò lọ sí Ìlọrin tàbí Ọ̀fà. Ìyẹn ni ó fà á tí ọkọ̀ orí tábìlì mi fi ń ti Kàbà gun òkè lọ sí Ìsánlú, ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí lójú ayé. Àmọ́ ohun kan wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Irin ọ̀nà Èkó sí Kánò tí bàbá mi tọ́jú fi mìlímítà 1067 jìnnà síra. Èyí tó ti Itakpe gba Àjàòkúta lọ sí Warri, tí wọ́n ṣí ní 2020, fi 1435 jìnnà síra. Bí ẹ bá pín 1435 sí ọ̀nà 87, ohun tí ẹ máa rí ni 16.5, bẹ́ẹ̀ mìlímítà 16.5 gan-an ni àlàfo tó wà láàrin irin méjèèjì lórí tábìlì mi. Irin Itakpe ni mo ń fi ṣeré, kì í ṣe irin bàbá mi.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí wágọ́ọ̀nù pupa.

Àṣìṣe tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé ibi tí ó ń ṣubú sí ni mo tẹjú mọ́. Mo lẹ irin ibẹ̀ mọ́lẹ̀, mo tú u, mo tún un lẹ̀. Mo gbé wágọ́ọ̀nù náà lọ sí ẹ̀yìn pátápátá, ó ṣubú. Mo gbé e sí ìdí ẹ́ńjìnnì, ó ṣubú. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé ní ojú irin gidi, wọ́n máa ń gbé irin ìta kọ́nà ga díẹ̀ ju ti inú lọ, kí ọkọ̀ tó ń sáré lè fara tì sínú gẹ́gẹ́ bí ọlọ́kadà ṣe máa ń fara tì tó bá ń yí kọ́nà. Inú mi dùn. Mo gé páálí, mo tẹ́ ẹ sábẹ́ irin ìta níbi tí ó ti ń ṣubú gan-an. Nígbà tí mo tún rán ọkọ̀ gun òkè ní ìgbà 20, ìgbà 17 ni ó ṣubú. Ó yẹ kí n ti mọ̀ láti ibẹ̀ pé n kò lóye ohun tí mo ń tún ṣe, nítorí pé oògùn tó bá ń mú àìsàn le sí i, ó ń sọ nǹkan kan nípa àìsàn náà. Kí n má tíì gbàgbé, mo ti wá lòdì sí gbígbé irin ìta ga lórí ọkọ̀ kékeré báyìí. Eré tí ọkọ̀ wa ń sá kò tó ohun tó lè tì í síta, nítorí náà ẹwà ojú nìkan ni ó wà fún, bí a kò bá sì ṣe é díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kọ́nà dé òpin rẹ̀, wàhálà ni.

Ọmọ aládùúgbò mi kan, ọmọ ọdún 11, ni ó là mí lójú. Ó wọlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, “Ọ̀kun o, Bàbá,” ó sì lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì bí ó ti máa ń ṣe, tí ojú rẹ̀ bá irin dọ́gba. Èmi máa ń dúró ni, mo sì máa ń wo ọkọ̀ láti òkè, bí ẹni tó ń wo odò láti orí afárá. Ọkọ̀ gun òkè, pupa ṣubú. Ọmọ náà ní, “Bàbá, ó ti gun orí irin kó tó dé ibi tí ẹ ń wò o.” Mo ní kí ló rí. Ó fi ìka tọ́ ibì kan tó wà lẹ́yìn ibi tí mo ti ń lẹ nǹkan láti oṣù mẹ́ta. Àwọn àgbà sọ pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ní ọjọ́ yẹn, ọmọdé ni ó wo ẹ̀yìn.

Mo wá ẹfun ìkọ̀wé, èyí tó ṣẹ́kù nínú àpò mi láti ilé ìwé, mo sì fi pa orí irin ìta láti ìbẹ̀rẹ̀ kọ́nà dé ibi tí ó ti ń ṣubú, bíi sẹ̀ǹtímítà 40. Mo rán ọkọ̀ náà kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó hàn kedere. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin ní ètè kan ní apá inú, ètè yìí ni ó máa ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà yọ síta. Kò yẹ kí ètè náà fọwọ́ kan orí irin rárá. Ṣùgbọ́n lójú ẹfun náà, ìlà tín-ín-rín kan bẹ̀rẹ̀ ní etí inú irin, ó ń gba orí irin kọjá ní ìdábùú, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ipa ìgbín lára ògiri, títí ó fi jáde ní etí ìta. Mo wọn ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó ti jáde: sẹ̀ǹtímítà 12. Ètè ẹsẹ̀ náà ti gun irin, ó ti rìn lórí rẹ̀ bí ẹni tó ń rìn lórí okùn, kí ó tó já bọ́ níbi tí èmi rò pé ẹ̀ṣẹ̀ wà. Páálí tí mo tẹ́ kàn gbé iwájú ga sí i ni, tí ibi tó jìn lẹ́yìn wá dà bí kòtò tó jìn jù ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Kí ni ó wà ní ibi tí ìlà náà ti bẹ̀rẹ̀? Ojú mi kò rí nǹkan kan. Mo fi èékánná gba orí irin kọjá, kò kọ́ mi lọ́wọ́. Lẹ́fẹ̀lì tí àwọn bíríkìlà fi ń wọn ògiri tóbi jù fún àlàfo mìlímítà 16.5. Mo wá tú bógì kan sílẹ̀ lára wágọ́ọ̀nù mìíràn, ìyẹn férémù kékeré tó gbé ẹsẹ̀ mẹ́rin dání, mo sì fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹyọ ìgbálẹ̀ kan tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 30 mọ́ ọn ní òró, kí ó dúró ṣánṣán. Mo yọ gbogbo páálí mi kúrò, mo gbé ìwé onílà wẹ́wẹ́ kan sí ẹ̀yìn irin, mo sì ń fi ìka ti bógì náà lọ díẹ̀díẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ kò le: bí irin ìta bá fi ìdajì mìlímítà péré relẹ̀ ju ti inú lọ, ṣóńṣó ìgbálẹ̀ náà yóò yẹ̀ ní mìlímítà 9, èyí tí ẹni tó ń lo awò ojú bíi tèmi pàápàá lè rí. Ó ń lọ, ó dúró ṣánṣán. Ó wọ kọ́nà, ó ṣì dúró. Ó dé ibi tí ìlà ẹfun ti bẹ̀rẹ̀, ìgbálẹ̀ náà sì fara tì síta, sẹ̀ǹtímítà méjì gbáko, ó rìn díẹ̀, ó tún dìde. Irin ìta ti fi mìlímítà kan àti díẹ̀ rì níbẹ̀. Ètè ẹsẹ̀ ọkọ̀ mi kò sì ju nǹkan bíi mìlímítà 0.6 lọ ní jíjìn.

Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà nìyí, n ó sì sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ fún ọmọ yẹn. Ẹ gbé àpótí ìjókòó ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin sí ilẹ̀ tí kò tẹ́jú: ẹsẹ̀ mẹ́ta yóò kan ilẹ̀, ẹ̀kẹrin yóò máa fì. Ẹ wá wo ààrò tí a fi ń dáná, mẹ́ta ni, kò sí bí ilẹ̀ ṣe lè rí kí ìkòkò má jókòó lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Wágọ́ọ̀nù ní bógì méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Bí síkúrù tó so bógì méjèèjì mọ́ ara wágọ́ọ̀nù bá le gbagidi, àpótí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni. Bí irin bá lọ́ díẹ̀, tí bógì ẹ̀yìn wà lórí ibi tó tẹ́jú, tí tiwájú sì wà lórí ibi tó fì síta, igun kan nínú mẹ́rin ni yóò wà lófuurufú. Lórí irin títọ́, ó lè kọjá bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú kọ́nà, ẹsẹ̀ ìta tó ṣáájú ni ó ń ti ètè rẹ̀ mọ́ irin láti yí ọkọ̀ náà. Bí ẹsẹ̀ yẹn kò bá ní ẹrù lórí, yóò gun orí irin lọ ni.

Mo yí wágọ́ọ̀nù pupa dojú délẹ̀. Síkúrù méjèèjì le bí ìdérí ìgò tí ọmọdé kò lè ṣí. Mo yẹ àwọn tó kù wò, gbogbo wọn ni bógì wọn ń mì díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọjá lórí irin kan náà tó ń gbé pupa ṣubú, òun náà ni kò sì jẹ́ kí n mọ ẹni tí n ó dá lẹ́bi, nítorí pé òfin tí mo ti ń tẹ̀lé tẹ́lẹ̀ ni pé bí wágọ́ọ̀nù kan bá ń ṣubú káàkiri, wágọ́ọ̀nù ni kí a tún ṣe, bí gbogbo wọn bá sì ń ṣubú síbì kan, irin ni kí a tún ṣe. Èyí tó jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ni ó ń ṣubú, tó sì jẹ́ pé ibì kan ṣoṣo ni, àwọn méjèèjì ni wọ́n jẹ̀bi.

Bí a ṣe ń ṣe é kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Síkúrù bógì kan ni a óò tú títí yóò fi lè yí sọ́tùn-ún sósì, tí kò sì ní fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èkejì ni a óò tú jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, kí ó lè yí, kí ó sì tún lè fì. Bógì tó ń fì yìí di ààrò kan, igun méjì bógì kejì di ààrò méjì yòókù. Ó ti parí. Bí a bá tú méjèèjì jù, wágọ́ọ̀nù yóò máa gbọ̀n bí egúngún, ìyẹn kò sì dára lójú.

Irin tó rì ni ó gba àkókò. Òkè mi ga ní ìdá 3 nínú 100, orí òpó igi kéékèèké ni mo sì gbé e lé, òpó kan ní sẹ̀ǹtímítà 30 sí 30, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi mìlímítà 9 ga ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Inú òjò, ní oṣù Agẹmọ, ni mo ra igi náà lọ́wọ́ alápákó, ó sì ṣì tutù nígbà tí mo gé e. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé apá ibí yìí mọ bí ọyẹ́ wa ṣe rí: ètè yóò là, ilẹ̀kùn tó ń há láti oṣù Keje yóò máa ṣí fúnra rẹ̀ ní oṣù Kejìlá. Igi kì í fi bẹ́ẹ̀ sún ní gígùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń sún ní ìbú, bí ó bá sì jẹ́ pé ó tutù lápá kan ju apá kejì lọ, yóò lọ́. Òpó kẹrin ni ó lọ́. Ó yí orí rẹ̀ síta bí ẹni tí wọ́n pè láti ẹ̀yìn, ó sì mú irin ìta sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Oṣù Ṣẹẹrẹ ni wágọ́ọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú, mo sì ti gbé ọyẹ́ nílẹ̀ yìí fún ọgọ́ta ọdún ó lé, n kò ronú kàn án.

Káàdì báńkì mi kan tó ti kú ni mo gé tín-ín-rín, mo sì ki í bọ abẹ́ irin ìta lórí òpó náà. Káàdì báńkì nípọn ní mìlímítà 0.76, níbikíbi láyé, nítorí náà mo mọ ohun tí mo ń fi sí i. Ìwé tí a fi ń tẹ̀wé mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà, ni mo fi dí èyí tó kù. Mo ti bógì onígbálẹ̀ kọjá. Ó dúró ṣánṣán bí ẹ̀ṣọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, wágọ́ọ̀nù pupa gun òkè ní ìgbà 40 láìṣubú, ọmọ aládùúgbò mi sì ni ó ń kà á, tí kò jẹ́ kí n fo ọ̀kan.

Bí mo bá dúró síbẹ̀, ìtàn náà ì bá dùn. Ṣùgbọ́n ayọ̀ ni ó mú mi so wágọ́ọ̀nù mẹ́wàá pọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì, pẹ̀lú wágọ́ọ̀nù pẹrẹsẹ kan tí kò ní ẹrù lórí ní iwájú. Ẹ́ńjìnnì gun kọ́nà náà dé ìdajì, pẹrẹsẹ yẹn sì ṣubú. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ṣùgbọ́n ọmọ náà pè mí kí n wo apá tó ṣubú sí, ó sì tọ̀nà: inú kọ́nà ni, kì í ṣe ìta. Ẹ jẹ́ kí ènìyàn méjì fa okùn yí igi ká, bí wọ́n bá ṣe ń fà á ni okùn yóò ṣe máa fẹ́ gé igi náà kọjá láti di títọ́. Bákan náà ni ọkọ̀ tó ń gun òkè nínú kọ́nà: ẹ́ńjìnnì ń fà síwájú, ẹrù mẹ́sàn-án ń fà sẹ́yìn, èyí tó fúyẹ́ jù láàrin wọn ni wọn yóò fà wọ inú. Kọ́nà fúnra rẹ̀ sì máa ń dà bí àfikún òkè. Ìṣirò kan wà tí àwọn tó ti pẹ́ nídìí eré yìí máa ń ṣe, pé kí a fi iye íǹṣì tó wà láti àárín òbírí kọ́nà dé irin pín 32, ohun tó bá jáde ni ìdá nínú 100 tí kọ́nà náà fi kún òkè. Kọ́nà mi jẹ́ íǹṣì 22, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 56. 32 tí a fi 22 pín fún wa ní nǹkan bíi 1.5. Òkè tí mo ń pè ní 3, ẹ́ńjìnnì mi ń gbé e bí 4.5.

Nítorí náà ìwọ̀n ṣe pàtàkì. Ẹgbẹ́ àwọn olùṣe ọkọ̀ ojú irin kékeré ní Amẹ́ríkà, NMRA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1935, dábàá pé kí wágọ́ọ̀nù HO jẹ́ bíi gíráàmù 28 ní ìpìlẹ̀, kí a sì fi gíráàmù 14 kún un fún íǹṣì kọ̀ọ̀kan tó bá gùn. Wágọ́ọ̀nù íǹṣì 6 yẹ kí ó tó gíráàmù 112. Mo yá òṣùwọ̀n obìnrin kan tó ń ṣe kéèkì ní àdúgbò wa, mo wọn pẹrẹsẹ mi, ó jẹ́ 51. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe báláńsì táyà mọ́tò ni mo ti rí oògùn rẹ̀: irin wúwo pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ mọ́tò, gíráàmù 5 tàbí 10 ni wọ́n sábà máa ń kọ sí i lára. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni kí a lẹ̀ ẹ́ sí, nítorí pé ẹrù orí a máa gbé ọkọ̀ ṣubú ju ẹrù ikùn lọ, bí àwọn awakọ̀ tó ń kó iṣu ti Kàbà kọjá lọ sí Òkénè ṣe mọ̀ dáadáa. Láti ìgbà náà mo máa ń to èyí tó wúwo síwájú, èyí tó fúyẹ́ sẹ́yìn.

Orí òkè gan-an ní ìṣòro tirẹ̀, ẹ́ńjìnnì ni ó sì kàn níbẹ̀, kì í ṣe wágọ́ọ̀nù. Ẹ́ńjìnnì mi ní ẹsẹ̀ mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bógì, tí wọ́n fi sẹ̀ǹtímítà 2.5 jìnnà síra. Bí ilẹ̀ títẹ́jú bá já sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìdá 3 lójijì, tí ẹsẹ̀ méjì ẹ̀yìn ṣì wà lórí títẹ́jú, ẹsẹ̀ iwájú yóò dúró ní afẹ́fẹ́ pẹ̀lú mìlímítà 0.75. Ẹ rántí pé ètè ẹsẹ̀ kò ju 0.6 lọ. Kò sí ohun tó dì í mú mọ́. Mo fi rásípù igi bó orí òpó ìparí méjèèjì, mo sì sọ ìyípadà náà di díẹ̀díẹ̀: ìdajì ìdá kan, lẹ́yìn náà ìdá 1, ìdá 2, kí ó tó kan 3. Ó jẹ àyè tábìlì, mo sì ní láti sún ilé ìdúró Ìsánlú sẹ́yìn, ṣùgbọ́n n kò kábàámọ̀ rẹ̀.

Ní ti oríkèé irin, ibi tí irin méjì ti pàdé nínú kọ́nà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀: ẹ fi lẹ́ẹ̀dì jó wọn pọ̀ nígbà tí irin ṣì nà tọ́ọ́rọ́, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, ṣóńṣó irin méjèèjì yóò fẹ́ padà di títọ́, wọn yóò sì ṣe igun níbi tí ó yẹ kí ó rọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu bí irin inú bá yọ gùn ju ti ìta lọ lẹ́yìn títẹ̀. Nínú ìdajì òbírí kan, ọ̀nà ìta fi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún ó lé gùn ju ọ̀nà inú lọ lórí irin tiwa, ẹ kàn gé ti inú ni. Ibi títọ́ ni kí ẹ fi àlàfo kékeré sí, kí irin lè rí àyè nígbà tí ọyẹ́ bá sún igi jọ. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà yẹ ní yíyẹ̀wò: ẹ̀yìn ẹsẹ̀ kan sí ẹ̀yìn èkejì yẹ kí ó jẹ́ bíi mìlímítà 14.4, mo sì bá méjì nínú tèmi tí wọ́n sún mọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n.

Bàbá mi kì í lo ìgbálẹ̀. Mo tẹ̀lé e lọ síbi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan nígbà ọlidé, mo sì rántí pé ó dọ̀bálẹ̀ lórí òkúta, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti irin, ó dijú kan, ó sì wo irin náà lọ títí. Mo rò pé ó ń gbọ́ bóyá ọkọ̀ ń bọ̀. Nígbà tí ó dìde, tí ipa irin gbígbóná ti hàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó nawọ́ sí ọ̀ọ́kán fún àwọn tó mú irin ìtẹ̀ dání, ó ní, “Ó rì lọ́hùn-ún.” Èmi kò rí nǹkan kan lọ́hùn-ún. Wọ́n lọ gbé e, ó tún dọ̀bálẹ̀, ó ní kí wọ́n fi díẹ̀ kún un.

Mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà báyìí ní gbogbo àárọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ lórí tábìlì, ojú kan dídì. Kóòṣì èrò gígùn kan ṣì kù tí kò lè gba kọ́nà yẹn rárá, nítorí pé ó gùn jù fún íǹṣì 22, mo sì ti dá a padà sínú páálí rẹ̀. Lára òpó mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, mo ti fi pẹ́ńsùlù kọ ibi tí ṣóńṣó ìgbálẹ̀ dúró sí, pẹ̀lú ọjọ́ tí mo wọ̀n ọ́n. Òjò ṣì ń rọ̀ ní Kàbà bí mo ṣe ń kọ èyí, ilẹ̀kùn yàrá ṣì ń há. Ọmọ aládùúgbò mi ti ní òpó kẹfà ni yóò kọ́kọ́ lọ́ nígbà tí ọyẹ́ bá dé. Èmi gbé owó mi lé ìkejì.